Ilé Tí A Kò Tíì Ṣí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí omi òkun ṣe ń jẹ irin, kó lọ gba yàrá sí àdúgbò tí èmi àti ọkọ mi gbé l'Ékòó, lápá ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù. Àgádágodo tí a bá rà lónìí, kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé, yóò ti pọ́n bí epo. Ìṣó ara ògiri a máa dípẹtà, a sì máa ta àbàwọ́n sí aṣọ tí a bá fi kọ́ ọ. Páànù orí ilé náà ti lu débi pé ìtànṣán oòrùn ń tò sílẹ̀ láàárín yàrá wa lọ́sàn-án. Bójò bá ṣú, ojú ibẹ̀ náà la ó gbé abọ́ sí. Bí a bá fi ẹjọ́ sun onílé wa, ìyá àgbà kan tó ń gbé yàrá iwájú, á ní òun kọ́ ló ni òkun, kí a lọ bá òkun jà.

Iléeṣẹ́ méjì ló há ilé náà sáàárín. Ọ̀kan ń lọ ìyẹ̀fun, èkejì ń di sìmẹ́ǹtì sínú àpò, níbi sìmẹ́ǹtì yìí ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀nà tóóró kan ló là wá láàárín. Inú ọ̀nà tóóró yẹn la ti ń dáná, níbẹ̀ la ti ń jà, níbẹ̀ náà la ti ń parí ìjà. Tírélà ń kọjá níwájú ilé tọ̀sán-tòru, bí wọ́n bá sì ti ń kọjá, ife orí tábìlì á máa rọra rìn lọ sí etí. Ó pẹ́ tí mo ti mọ bí mo ṣe ń gbá a mú láìwò ó.

Iyọ̀ wà nínú omi kànga wa, ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, mo fi omi náà se iṣu, mo gún un, iyán náà kò sì fà rárá. Èmi ọmọ Ìjerò, mo jókòó ti odó, mo ń sunkún nítorí iyán. Ọkọ mi jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́, ó ní ó dáa. Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, mo sì tún fẹ́ràn rẹ̀ sí i.

Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti funfun, irun imú rẹ̀ náà á ti funfun. Mo máa ń bi í pé ọ̀dọ́kùnrin tó jáde nílé mi láàárọ̀ dà, tó fi jẹ́ pé arúgbó ló wọlé wá bá mi. Á ní arúgbó náà ní kí òun kí mi, ebi sì ń pa á. A rẹ́rìn-ín sí eruku yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń kó sí ní gbogbo ìgbà tí à ń rẹ́rìn-ín.

Àwa méjèèjì kò pe ibẹ̀ nílé rí. "Ibi tí a wà" la máa ń pè é. Ìjerò nilé, níbi tí òkè yí èèyàn ká, tí kò sí ẹni tó mọ òórùn òkun. Díẹ̀díẹ̀ ni ọkọ mi ń kọ́lé tirẹ̀ síbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fún un kó tó kú, ní òdìkejì títì sí ilé bàbá náà gan-an. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó tó ń gbé ilé bàbá wọn, ló ń bá wa dúró ti àwọn bíríkìlà.

Ní ọdún kan, omi òkun pàdé omi òjò, wọ́n jọ wọlé wá bá wa. Nígbà tí a máa fi jí, bàtà wa ti léfòó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mátírẹ́ẹ̀sì sì ti mu omi yó. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti ń bá òkun jà láti Ìjerò. Ó ní kí wọ́n gbé ìpìlẹ̀ ilé náà sókè dáadáa. Ó ra páànù tí kì í dípẹtà, ó ra ìṣó tí kì í dípẹtà. Ojú fèrèsé yàrá wa pàápàá, ó ní kò gbọdọ̀ kọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń wá. Orí òkè ni ilé yìí wà o, òkun sì jìnnà sí i ju ìrìn àjò ọjọ́ kan lọ fún ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù pé omi wo ló fẹ́ gun òkè wá bá a. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀la. Àtẹ̀gùn ilé náà wá ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi ń bèèrè bóyá ìjọ kan ló fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé ìsìn. Èmi ń pe ọkọ mi ní onílé Ìjerò, ayálégbé òkun.

Ilé kò ní orúkọ ilé lọ́dọ̀ wa títí a ó fi ṣí i. Àlùfáà á wá, á gbàdúrà láti yàrá dé yàrá, ẹbí á jẹun, ará àdúgbò á jẹun, kí onílé tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ mi kò sì fẹ́ ṣílé tí kò ní sílìn, tí wọn kò kùn lọ́dà. Ó ní òun kò lè pe èèyàn wá wo ilé tó wà níhòòhò. Nítorí náà, bí a bá lọ sílé fún Kérésìmesì, yàrá ẹ̀yìn ní ilé bàbá rẹ̀ la máa ń sùn, àwa àti àwọn ọmọ, lórí ẹní. Bílẹ̀ bá mọ́, a ó sọdá títì lọ wo ilé wa. Á fọwọ́ gbá ògiri rẹ̀, á fi kọ́kọ́rọ́ tì í, a ó sì tún gba Èkó lọ síbi tí òjò ti ń jò sí wa lára.

Nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ mi, a kà á sí ti ọyẹ́. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ kò lọ. Dókítà ní eruku ló ti bà á jẹ́ nínú, kò sì sí oògùn tó lè gbọ̀n ọ́n dànù, kó kúrò níbẹ̀ kí èémí tó kù má baà tán. Iléeṣẹ́ dá a dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dáadáa. Ó jókòó sínú yàrá wa, ó ń wo ihò páànù. Àwọn ọmọ wa ti wà nílé ọkọ nígbà náà, èmi àti ẹ̀ nìkan ló kù. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fẹ́ iná sábẹ́ omi ìwẹ̀ rẹ̀, ó pè mí.

"Ìyá wọn, ọ̀dà ò kàn mọ́. Jẹ́ ká lọ sùn nílé wa."

Mo ti ń retí gbólóhùn yẹn láti ìgbà tí a ti fi òrùlé sí ilé náà. Mo dijú, mo di ọ̀rọ̀ náà mú. Ẹrù wa kò pọ̀. Ìpẹtà ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn yòókù ni mo pín fún àwọn tí a jọ ń gbé. Mo gbá yàrá náà mọ́ kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyá onílé lọ́wọ́. Ìyá tó ní òun kọ́ ló ni òkun bá wa dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọkọ mi lọ́wọ́ mú, ó sì súre fún un títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnu yà mí.

Nígbà tí ọkọ̀ gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ọkọ mi ní kí wọ́n sọ gíláàsì kalẹ̀ fún òun. Afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ lù ú, ó mí, kò wúkọ́. Ó ní, "Kò sí iyọ̀ nínú eléyìí." A ra iṣu l'Árámọ̀kọ, nítorí mo ti pinnu pé iyán tó fà ni mo máa gún nínú ilé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró dè wá létí títì. Ó fa àbúrò rẹ̀ mọ́ra pẹ́, ó wò ó lójú, ó yíjú sápá kan. Nígbà tí mo ní kí wọ́n máa gbé ẹrù lọ sílé wa, ó mi orí. Ó ní àlùfáà wà ní ìpàdé àwọn àlùfáà, ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò dé, Sátidé la ó sì ṣílé. Òun ti sọ fún ẹbí, òun ti ra ewúrẹ́. Kí a ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn ná.

Inú bí mi, mo sì sọ ọ́. Mo ní ẹni tí ń ṣàìsàn kò mọ Sátidé.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú," ni ó wí. "Ulé tuntun kì í ṣe ibi tí èèyàn ń yọ́ wọ̀ bí olè. Ó ti jìyà rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọlá ṣí i fún un."

Ọkọ mi fọwọ́ kàn mí lápá. Ẹ̀gbọ́n yìí ló fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ sí oko kí ọkọ mi lè kàwé, ọkọ mi kò sì fi ìgbà kankan já a níyàn. Ó ní òun ti dúró tipẹ́, kí ni ti Sátidé. Iṣu Àrámọ̀kọ náà, ilé bàbá wọn ni mo ti gún un. Ó fà.

Láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wá, á pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, á gbé e sọdá títì. Níbi àtẹ̀gùn gíga yẹn, á dúró mí, á máa kùn pé ìwọ àti omi òkun rẹ. Ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. A gbé àga kan sí pálọ̀ fún un, ní ibi tí ó ti ń rí igi kòkó àti òkè lẹ́yìn rẹ̀. Jíjókòó kò sí nínú èèwọ̀, sísùn ni. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n á tún pọ̀n ọ́n padà bí ẹni tó ṣíwọ́ iṣẹ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, òjò rọ̀ sórí páànù wa tí kò jò. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń bó ẹ̀gúsí fún ti Sátidé. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkọ mi ti sùn lórí àga. Ikọ́ kan kò gbọ̀n ọ́n. Ẹnu rẹ̀ yà díẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀, ó jọ ọkùnrin tó jẹ iyán mi tí kò fà. Mo dá ọwọ́ dúró kí ariwo ẹ̀gúsí má baà jí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé pẹ̀lú agboòrùn láti wá gbé e, ó rí i, ó wò mí, ó tún wò ó. Ó tẹ̀ síwájú, ó rọra fọwọ́ gbá a léjìká.

"Àbúrò, jí. Ó di ọ̀túnla."

Ọkọ mi la ojú. Ó wo ògiri, ó wo òrùlé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Oorun ibí dùn." Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ mi fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n sì sọdá nínú òjò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ̀kọ tí mo ń pò tó gbóná, ó kú ní yàrá ẹ̀yìn ní ilé bàbá rẹ̀. Láti ojú fèrèsé ibẹ̀, mo ń rí páànù wa tó ń dán nínú oòrùn, tí kò ní ìpẹtà kan.

Mi ò ní parọ́, mo kórìíra ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ́jọ́ náà. Ó bá mi sọ̀rọ̀, mo kẹ̀yìn sí i. Ẹbí ní kí wọ́n má gbé òkú náà lọ sí mọ́ṣúárì, pé ẹni tó ti dúró tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró mọ́. Àwọn ọmọ mi dé. Nígbà tí àlùfáà wọlé wá bá mi ní Sátidé, mo sọ fún un pé kó kọ́kọ́ ṣílé kó tó sìnkú, nítorí ọkọ mi kò ní wọ ilé tí a kò tíì ṣí. Ó wò mí títí, ó gbé ìwé àdúrà rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé mi. A lọ láti yàrá dé yàrá, à ń ṣe àmín, nígbà tí onílé wà nínú pósí lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀ lódìkejì títì.

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe òkú àbúrò rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Yàrá ló máa ń wà títí gbogbo rẹ̀ á fi parí. Wọ́n sọ fún un bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tí kì í tẹ àṣà lójú yìí kò gbọ́. Ó ti àwọn ọ̀dọ́ sápá kan, ó ki èjìká bọ abẹ́ orí pósí, wọ́n sì gbé e sọdá. Níbi àtẹ̀gùn, gbogbo wọn dúró mí, òun náà dúró mí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kùn nípa òkun.

Wọ́n gbé e kalẹ̀ ní pálọ̀, níbi tí àga náà wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀, ó fọwọ́ lé ìdérí pósí, ní ọ̀gangan ibi tí èjìká yẹ kó wà.

"Sùn, àbúrò mi," ni ó wí. "Ulé rẹ ni. Mi ò ní jí ọ mọ́."