Àdí Lára Ọmọ Ọsàn

Fún ogún ọdún, kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní agboolé ọkọ Àjíkẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn. Òun ni í wẹ̀ wọ́n, òun ni í nà wọ́n lápá, tí í nà wọ́n lẹ́sẹ̀, òun ni í fi àdí ra wọ́n lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ títí wọn yóò fi máa dán. Ìyá Aláàdí ni gbogbo àdúgbò wọn ní Ìwó ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ kò bí ọmọ kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ káàánú rẹ̀ nítorí ìyẹn, á ní kí onítọ̀hún kọ́kọ́ wá ka iye ìdí ọmọ tí òun ti nù.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 1983, ọ̀rọ̀ oko tó fi sílẹ̀ lọ́nà Kuta dìde. Opó tí kò bímọ, kí ni yóò fi di ilẹ̀ mú? Sàlàkọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí, kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Àjíkẹ́, igi ni í fi ẹni tó nilẹ̀ hàn. Bí o bá gbin igi ọsàn méjìlá síbẹ̀, tí wọ́n sì dúró, kò sí ẹni tí yóò lé ọ kúrò."

Àjíkẹ́ gbin méjìlá. Ilẹ̀ náà nìkan ló kù tí ó lè pè ní tirẹ̀. Nígbà tí àwọn igi náà fi ga dé orókún, ó ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ jòjòló ṣeré, àwọn tó ń kọjá lọ sí Kuta sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Ètè ń bẹ́, gìgísẹ̀ ń là. Àjíkẹ́ wo ewé ọsàn rẹ̀, ó rí i pé ó ń gbẹ, ó sì ṣe ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé. Ó gbé ìkòkò àdí lọ sóko, ó jókòó ti igi kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àdí ra ewé wọn, iwájú àti ẹ̀yìn, kò fo ìkankan. Orin ọmọ ló ń kọ bọ̀ wálé.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí wọ́n ń já bọ́. Ó fi kún àdí. Wọ́n túbọ̀ ń já. Ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Sàlàkọ́. Bí igi bá kú, ọwọ́ ta ni ilẹ̀ yóò bọ́ sí? Ó wí i nídìí kànga, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí; ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Kó tó di àṣálẹ́, gbogbo ilé ti gbọ́ pé Sàlàkọ́ da oògùn sídìí igi opó.

Tíṣà Oyèlẹ́yẹ, tó ti fẹ̀yìn tì nílé-ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi, ló gba Àjíkẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Oko àwọn méjèèjì pààlà. Ó fọwọ́ kan ewé kan, ó wo ìka rẹ̀ tó ń yọ̀, ó wo Àjíkẹ́, ó sì ní kí wọ́n gbé omi kaná ní ahéré.

Wọ́n bu omi gbígbóná náà sínú àwo funfun. Tíṣà já ewé lára ọsàn tirẹ̀, ó rì í. Kíá, afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó jáde lẹ́yìn ewé náà.

"Imú rẹ̀ nìyẹn," ni Tíṣà wí. "Ihò ni wọ́n, wọ́n kéré ju ohun tí ojú wa lè rí lọ. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé." Ó gbé ewé mìíràn sókè sí oòrùn. "Ẹ wo àwọn iṣan yìí, àwọn ni omi ń gbà wá láti gbòǹgbò. Ewé fẹ́lẹ́, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kí oòrùn lè bá a dáadáa. Àwọ̀ ewé yìí ló ń gba oòrùn mú. Oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ ni igi fi ń se oúnjẹ ara rẹ̀, inú ewé sì ni ilé ìdáná rẹ̀."

Ó ní kí Àjíkẹ́ já ọ̀kan lára tirẹ̀. Wọ́n rì í, wọ́n dúró. Omi dákẹ́.

"Àdí ti dí i nímú, Ìyá Aláàdí. Ebi ló ń pa wọ́n."

Àjíkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Háà, Tíṣà! Mo rò pé mò ń tọ́jú wọn ni."

"Ẹ tọ́jú wọn. Bí ọmọ ènìyàn lẹ ṣe tọ́jú wọn."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń fi àkísà rírọ̀ àti omi ọṣẹ nu ewé tó kù. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, méje rúwé, márùn-ún kú.

Sàlàkọ́ wá wò wọ́n, ọ̀pá lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ oògùn náà. Àjíkẹ́ mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ìtìjú lè mú kí ẹbí fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, kò sí ẹni tó da oògùn. Èmi ni mo fi àdí ra ewé wọn tí wọ́n fi kú. Mo sì ti bà yín lórúkọ jẹ́. Ẹ foríjì mí."

"Àdí?"

"Àdí ni, Bàbá. Bíi ti ọmọ."

Sàlàkọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sàmì sí ibi márùn-ún tó ṣófo.

"Méjìlá ni mo pè," ó wí. "N kò dá ọjọ́ fún ọ. Bí òjò bá ti múlẹ̀, èmi ni yóò gbẹ́ ihò márààrún tí o óò gbin òmíràn sí. Dìde, Àjíkẹ́."

Kò lè dìde. Ẹkún tí gbogbo ilé retí lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, tí wọn kò rí, orí ilẹ̀ náà ló ti sun ún.