Ògiri Ṣọ́ọ̀bù Jíre Tí Mo Fi Ọ̀dà Kùn

Àbúrò mi ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Ọlájíre lorúkọ rẹ̀, Jíre ni gbogbo wa ń pè é. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá o, kẹ̀kẹ́ ológeere gan-an ni, èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ wà. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tá a jọ ń di ẹrù kágò ní Al Muraqqabat, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń bú sí. Wosilat, tá a jọ ń gbé bedspace kan náà, yàrá elérò púpọ̀ tá a ti ń háyà bẹ́ẹ̀dì, ní Deira, ló sọ lọ́jọ́ kan pé, "Mùlíkàt, nínú Dubai yìí tí gbogbo èèyàn ń wa jíìpù, ta ló ń gun kẹ̀kẹ́?" Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ sóko, á rí ẹni tó ń gùn ún.

Torí kì í ṣe ìgboro ni ṣọ́ọ̀bù Jíre wà. Ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì láti Union dé Jubail ní Sharjah, ẹ máa wọ òmíràn tó ń lọ Al Dhaid, ẹ tún máa wá fẹsẹ̀ rìn lójú ọ̀nà eléruku tó gba àárín oko dàbínù kọjá. Ilé gogoro tán níbẹ̀. Ewúrẹ́ ni, iyanrìn pupa ni. Àwọn ará Bangladesh àti Pakistan tó ń ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ lẹsẹ̀ wọn. Òun ni wọ́n ń gùn lọ sí mọ́ṣáláṣí, òun ni wọ́n fi ń ru àpò ìyẹ̀fun, òun náà ni wọ́n fi ń gbé sìlíńdà gáàsì. Ẹ̀gún ọ̀nà yẹn kò sì mọ ọjọ́ ìsinmi, ojoojúmọ́ ló ń gún táyà.

Visa iṣẹ́ oko ni Jíre bá wá síbí. Ó ń fi omi sí ìdí dàbínù lọ́jọ́ kan ni Arábù tó loko rí i tó ń tún kẹ̀kẹ́ ẹnì kan ṣe. Arábù náà wò ó títí, ó ní, "Khalas, ó tó, fi igi sílẹ̀." Ó fún un ní yàrá búlọ́ọ̀kù kan létí títì àti àgbàlá kékeré níwájú rẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù ní orúkọ ara rẹ̀, Jíre sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Ẹni ogójì ọdún tí kò ní nǹkan mìíràn láyé, kò ní ìyàwó mọ́, kò ní ọmọ, ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ó ní. Tó bá ń na sípókù, tó ń yí táyà tó ń fetí sí i, ojú rẹ̀ máa ń dà bíi ti bàbá wa. Bàbá wa ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà n'Ìwó.

Bàbá tún kọ́ ọ ní ohun kan tó ju iṣẹ́ lọ. Ó máa ń sọ fún wa pé kẹ̀kẹ́ tí èèyàn bá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ, àmánà ni. Kó pẹ́ bó ti wù kó pẹ́, o ò gbọdọ̀ tà á, o ò gbọdọ̀ fi tọrẹ, àfi kí ẹni tó ni ín fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yọ̀ǹda.

Ẹ wá wò ó, àwọn òṣìṣẹ́ oko yìí, lẹ́yìn ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń lọ sílé lọ kí ìyàwó wọn. Oṣù méjì ni wọ́n máa ń lò. Ibo ni wọ́n fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ sí? Wọ́n á gbé e wá fún Jíre. Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, kì í sì í kọ ìwé. Ó máa so àkísà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó máa ya àmì sí i: ẹja, igi, ìràwọ̀, ẹyẹ. Lẹ́yìn náà, ó máa fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì kan náà sára ògiri inú ṣọ́ọ̀bù, ó máa kọ nọ́ńbà fóònù ilé ẹni náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó parí.

Nígbà tí kòrónà dé, ọ̀pọ̀ wọn lọ sílé, wọn ò padà. Lẹ́yìn ìyẹn náà, àwọn mìíràn ń lọ, wọn ò rí visa tún ṣe. Kẹ̀kẹ́ kún àgbàlá, ó pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Jíre máa ń nu iyanrìn kúrò lára wọn, tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà wọn, tó máa ń fi epo sí ṣéènì wọn, bí ẹni pé àwọn tó ni wọ́n ń bọ̀ lọ́la.

Fàwáz kò jẹ́ kó simi. Ọmọ Ìlọrin ni Fàwáz, ó ń fi píkọ́ọ̀pù ra irin àlòkù káàkiri oko.

"Jíre, ìwọ yìí ń ṣọ́ kẹ̀kẹ́ bíi mọ̀láíkà tó ń ṣọ́ sàréè. Ta lo ń dúró dè?"

"Wọ́n ń bọ̀ wá gbé e."

"Ẹni tó ti lọ látayé kòrónà? Tó ti fẹ́ ìyàwó kejì, tó ti bí ìbejì?"

"Tó bá bí ìbejì, á gbé Táyé síwájú, á gbé Kẹ́hìndé sẹ́yìn."

Fàwáz rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àsáró ni mo gbé wá fún un.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo wo ògiri yẹn, mo ní, "Jíre, ògiri yìí ti dà bíi síléètì ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Kó àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sínú fóònù rẹ, jàre."

Ó ní, "Mo ti gbọ́, Àǹtí mi."

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Àbúrò kì í wo ojú ẹ̀gbọ́n kó ní òun ò ní ṣe é. "Mo ti gbọ́" ló máa sọ. Èmi ní tèmi, mo mú un pé ó ti ṣe é nìyẹn. Mi ò béèrè mọ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọkùnrin baladiya wá, àwọn tó ń rí sí ìmọ́tótó ìlú. Kò pariwo o, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ó wo àgbàlá, ó ya fọ́tò. Ó ní ìdọ̀tí ni gbogbo kẹ̀kẹ́ tí kò sẹ́ni tó ni wọ́n yìí, ó ní ògiri ṣọ́ọ̀bù náà dọ̀tí. Ó fún Jíre ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí òun bá padà wá tí kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ṣì wà níbẹ̀, wọn ò ní tún ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù ṣe, wọ́n á tì í pa. Arábù tó loko gbọ́, ó ní kí Jíre má kó òun sí wàhálà. "Tà wọ́n, habibi. Khalas." Jíre bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kó wọn wọ inú oko, ó kọ̀.

Jíre sọ fún mi lórí fóònù pé òun máa pe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú tí oníbàárà ò sí, ló máa ń jókòó síwájú ògiri, á máa wo àmì, á máa tẹ fóònù. Ẹnì kan ní kó fi tòun fún aláìní. Ẹnì kan, ọmọ rẹ̀ ló gbé fóònù, ọmọ náà ní bàbá òun ti kú, kí Jíre máa gùn ún kó máa fi ṣàdúà fún un. Jíre sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Rafiq, ẹni tó ni àmì ẹja, ló ní visa òun ti fẹ́ jáde, kí Jíre bá òun di kẹ̀kẹ́ òun mú, òun ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan fi pé, ó ti bá mẹ́sàn-án sọ̀rọ̀. Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ń lọ dáadáa.

Mo ní kí n ràn án lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ ni mo pè é. Wosilat ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Al Quoz, wọ́n fún un ní garawa ọ̀dà funfun kan tó ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fún mi. Mo gbé garawa yẹn sórí itan láti Union dé Jubail, láti Jubail dé Dhaid. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bí mo ṣe dé, Jíre ń wẹ ẹsẹ̀, ó fẹ́ lọ kírun. Mi ò jẹ́ kó rí garawa náà. Mo ní, "Yalla, máa lọ, má pẹ́ dé mọ́ṣáláṣí. Màá tọ́jú ibí dè ọ́." Inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé.

Mo gbá ilẹ̀. Mo to àwọn sípánà. Mo wá ki ìgbálẹ̀ bọ inú ọ̀dà, torí mi ò ní búrọ́ọ̀ṣì, mo kun ògiri. Mo rí àwọn àmì yẹn, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Mo rí ẹja, mo rí ìràwọ̀, mo rí nọ́ńbà. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, ó kúkú ti wà nínú fóònù, mo ti sọ fún un. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa hàn.

Nígbà tó dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Wò ó! Kí baladiya wá sọ ìsọkúsọ ná!"

Ó dọ̀bálẹ̀, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí mi. Ẹ ṣeun."

Ó dìde, ó sún mọ́ ògiri, ó fi ìka kàn án. Ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀. Ó ní, "Ó ti ń gbẹ." Ó jókòó sórí táyà, ó ń wo ògiri bí mo ṣe ń bu oúnjẹ fún un. Ó jẹ oúnjẹ náà tán. Èmi ò fura. Fàwáz ló wọlé tó ké.

"Ah! Ta ló pa nọ́ńbà wọ̀nyí rẹ́?"

Mo ní, "Èmi ni. Ṣebí ó ti wà nínú fóònù?"

Fàwáz wo Jíre. Jíre wolẹ̀. Ó rọra ní, "Fóònù bọ́ sómi mọ́ mi lọ́wọ́ rí, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Mo ní ògiri ò lè bọ́ sómi."

"Ìwọ lo sọ pé o ti gbọ́!"

"Mo gbọ́ lóòótọ́, Àǹtí mi."

Kò sí ohun tá ò ṣe. A fi omi fọ̀ ọ́, a fi kẹrosíìnì nù ún, a fi ọ̀bẹ ha á. Ṣọ́ọ̀kì ni, ó ti wọ inú ọ̀dà lọ. Jíre gbìyànjú àwọn nọ́ńbà tó rò pé òun rántí. Obìnrin kan bú u ní Urdu títí owó fóònù fi tán. Ó lọ káàkiri oko, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kù bóyá wọ́n mọ ará ilé ẹni tó ni ìràwọ̀, ẹni tó ni ẹyẹ. Ó rí nọ́ńbà méjì péré. Àkísà ṣì wà lára kẹ̀kẹ́, àmì ṣì wà lára àkísà, ṣùgbọ́n àmì náà kò tọ́ka sí ẹnì kankan mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta pé. Ọjọ́ tó ṣáájú kí baladiya tó padà, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo sáré lọ. Fàwáz ti gbé píkọ́ọ̀pù wá, ó ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀.

Fàwáz ní, "Jíre, má ṣe agídí. Irin ni. Kí n kó wọn ní ìsinsìnyí, lọ́la wàá ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ."

Mo kúnlẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ pé èmi ni mo pọ̀n ọ́n. "Jíre, mo bẹ̀ ọ́. Èmi ni mo ṣe é. Kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Jẹ́ kí Fàwáz kó wọn."

Ó gbé mi dìde. Ojú mi ló ń wò. Ó ní, "Rárá, Àǹtí mi."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ sí mi rí. Ká ní ó ti sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ àsáró yẹn ni. Ká ní ó ti sọ pé, "Rárá, Àǹtí mi, ògiri yìí ni ìwé mi, ẹ má fọwọ́ kàn án." Mo máa bínú, mo máa sọ̀rọ̀ títí, ṣùgbọ́n ǹ bá má gbé garawa yẹn wá.

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Ọkọ̀ ńlá ló wá kó àwọn kẹ̀kẹ́ náà, gbogbo wọn tá ò tíì gbé fún ẹnikẹ́ni, ti Rafiq náà wà níbẹ̀. Jíre ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Ó tú àkísà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú àpò, lẹ́yìn náà ló yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ń ju wọ́n sókè, irin ń lu irin.

Deira ló wà báyìí, ní bedspace àwọn ọkùnrin, òpópó kejì sí tiwa. Mo bá a wá iṣẹ́ níbi tá a ti ń di ẹrù. Ó ń fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹnu àpò kágò. Ọwọ́ rẹ̀ tó mọ sípókù, kò mọ abẹ́rẹ́, ó ń gún un. Oṣù tó kọjá, fóònù rẹ̀ dún, a jọ ń dirù lọ́wọ́. Rafiq ni. Ó ti dé. Ó ní òun wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, òun rí àgádágodo lẹ́nu rẹ̀, níbo ni Jíre wà? Jíre ṣàlàyé fún un, kò dárúkọ mi. Mo gbọ́ bí Rafiq ṣe ní, "Ṣùgbọ́n o pè mí, bhai. Mo ní mò ń bọ̀," kó tó pa fóònù.

Mo ní, "Jíre, bú mi. Mo bẹ̀ ọ́, bú mi lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó mú abẹ́rẹ́, ó wá ibi tó rán dé. Ó ní, "Ẹ bá mi di ẹnu àpò yìí mú, Àǹtí mi."

Mo dì í mú.