Ẹ̀rọ Kò Gba Ọmọ Tí Kò Lórúkọ

Láti ìgbà tí Olandina ti ń gbẹ̀bí ní abúlé Hatulau lórí òkè, ìjọba mẹ́ta ló ti kó ìwé lé e lọ́wọ́. Àwọn ará Indonéṣíà kó tiwọn dé. Lọ́dún tí wọ́n ń lọ, iná jó o mọ́ ilé. Àwọn àjèjì onífìlà búlúù tí àgbáyé rán wá ṣọ́ àlàáfíà kó tiwọn dé, wọ́n sì kó o lọ. Nígbà tí ilẹ̀ wá di ti onílẹ̀, ìwé dé ní èdè Potogí, èdè tí aboyún kankan kì í fi rọbí lórí òkè náà. Ó ń kọ ọ́, ó ń pòṣé.

Ìdí nìyí tí inú rẹ̀ fi dùn nígbà tí Januário, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Dili, olú ìlú, gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ wá, tó ní ìlànà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ìwòsàn yóò máa tẹ̀lé báyìí: ohun tí agbẹ̀bí bá kọ lórí òkè, dókítà Dili yóò ti kà á kí aláìsàn tó dé. Olandina rántí obìnrin kan tó kú sí Dili, tí ìwé tó sọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú àpótí ní Hatulau. Tọwọ́tẹsẹ̀ ló fi gba ẹ̀rọ náà.

Àṣé ẹ̀rọ fẹ́ orúkọ. Ní Hatulau, ọmọ tuntun kì í lórúkọ títí wọn ó fi gbé e jáde kúrò nídìí iná tí òun àti ìyá rẹ̀ ń yá, tí wọn ó fi omi wẹ ojú rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin yóò sì mú ẹlẹ́dẹ̀ àti orúkọ bàbáńlá kan wá fún un. Kí ni agbẹ̀bí ó kọ? Olandina kọ “Bebé”, ìyẹn “ọmọ ọwọ́”. Gbogbo agbẹ̀bí òkè kọ “Bebé”. Ẹ̀rọ Dili, tí wọ́n ti kọ́ pé kó má ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, bá kó gbogbo wọn pọ̀ di ọmọ kan ṣoṣo, tó níyàá ní gbogbo abúlé, tó ń gba abẹ́rẹ́ kan náà láìsinmi, tó kú lẹ́ẹ̀mejì, tó sì tún wá gbàtọ́jú òtútù. Olandina mọ ọ̀kan nínú ikú méjèèjì yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ náà kú sí.

Januário ti ọ̀nà náà pa. “Bebé” kò wọlé mọ́. Ẹni tí kò lórúkọ, ẹ̀rọ kò ní rán an lọ sí Dili. Bí ẹ̀rọ kò bá sì rán an, ọkọ̀ aláìsàn kò ní gbéra.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí ọmọ tí Alzira bí níjẹta bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Àyà rẹ̀ ń wọnú, ara rẹ̀ gbóná, kò mu ọmú. Òjò sì ń ṣú. Bí odò bá kún, ọkọ̀ kankan kò ní kọjá.

“Ìyá àgbà, ẹ fún mi lórúkọ kan,” Olandina sọ fún ìyá ọkọ Alzira.

“Orúkọ wo? Ta ló jáde? Ọmọ ṣì wà nídìí iná.”

“Ẹ̀rọ ló ń bèèrè.”

“Sọ fún un kó padà wá ní Sátidé.”

Kí ó fi orúkọ lásán kan sí i? Ó rò ó. Ṣùgbọ́n bí Ìyá àgbà bá gbọ́ pé agbẹ̀bí ló sọ ọmọ lórúkọ, kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé e wọ ọkọ̀. Ó pe Januário lórí fóònù.

“Mana Olandina, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Tí mo bá ṣí i fún yín, gbogbo òkè ló máa padà sí Bebé.”

“Ọmọ ń kú lọ, o ń sọ ti òkè! Ṣé kí n kọ orúkọ tìẹ ni?”

“Èmi ti wà níbẹ̀, Mana. Ó máa so wá pọ̀ ni.”

Olandina pa fóònù mọ́ ọn létí. Ó pe Leto-Mau, ẹ̀gbọ́n Alzira ọkùnrin, tó ń gbé lódìkejì odò.

“Kí n sọ ọmọ lórúkọ lórí fóònù? Ṣé ẹ̀rọ yín náà ló máa pa ẹlẹ́dẹ̀ ni?”

“Leto-Mau, èmi ni mo gbẹ̀bí gbogbo ọmọ rẹ. Mi ò tíì tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ rí.”

Olandina ń gbọ́ òjò tó ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ Leto-Mau.

“Ẹ kọ Mau-Sina,” ó ní. “Bàbá bàbá mi ni. Ṣùgbọ́n tí ọmọ ò bá gbà á, ẹ má dá mi lẹ́bi o.”

Ẹ̀rọ gbà á. Ọkọ̀ gbéra, ó ń bọ̀ wá gbé ọmọ. Alzira fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu. Ọmọ yí orí kúrò, ó ń ké.

“Ẹ ò rí i?” ni Ìyá àgbà wí. “Ọmọ tí ò bá gba ọmú, orúkọ ni ò gbà. Yọ ọ́.”

“Ìyá àgbà, láti àná ni kò ti mu ọmú!”

“Ó ti mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbé fún un ni.”

“Tí mo bá yọ ọ́, ọkọ̀ á padà. Ẹ jẹ́ kó dé Dili ná, kó lọ kọ̀ ọ́ níbẹ̀!”

Olandina ti jágbe mọ́ àgbàlagbà, ó sì mọ̀. Ìyá àgbà wo àyà ọmọ tó ń wọnú. Ó mú eérú díẹ̀ nídìí iná, ó fi kan ọmọ níwájú orí.

“Mau-Sina,” ó ní, “yá a lórúkọ rẹ dé Dili. A ó dá a padà.”

Ọkọ̀ dé, ó sì gbé wọn kọjá kí odò tó kún. Ọmọ náà yè. Nígbà tí wọ́n padà dé láti Dili, wọ́n wẹ ojú rẹ̀, Leto-Mau mú ẹlẹ́dẹ̀ wá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Kai-Bere. Ó mu ọmú. Wọ́n dá orúkọ Mau-Sina padà fún ẹni tó ni ín.

Ẹ̀rọ nìkan ni kò dá a padà. Olandina kọ Kai-Bere sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Mau-Sina kò kúrò níbẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí Olandina pé Mau-Sina ti Hatulau kò wá gba abẹ́rẹ́, kí agbẹ̀bí wá a lọ. Nígbà tó sú u, ó pe Januário.

“Mana, èwo nínú àwọn méjèèjì ló wà láàyè? Kí n lè pa ìkejì rẹ́.”

Olandina wo ọmọ tó wà lápá Alzira, tó ń fa irun ìyá rẹ̀.

“Méjèèjì,” ó ní, ó sì pòṣé. “O ò gbọdọ̀ pa ìkankan.”