Orúkọ Tí Mo Kọ Sára Ògiri

Mi ò fẹ́ràn ìyàwó àbúrò bàbá mi, mi ò sì ní purọ́ nítorí pé ó ti kú. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e wọ agboolé wa ní Ìsẹ́yìn, nítorí náà kò gbọdọ̀ pe orúkọ tí wọ́n sọ mí. Ìyàwó ilé a máa fún ọmọ tó bá nílé ní orúkọ tó bá wù ú. Àwọn ẹlòmíràn gba orúkọ ẹlẹ́wà. Èmi, orúkọ tó dá lórí orúnkún mi méjèèjì tó ń gbá ara wọn ló fún mi. Gbogbo agboolé gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sì bá mi dé ilé ìwé.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ilé ìwé girama, mo lo ọlidé ní Èkó. Níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn ọmọkùnrin tí ń fi ẹ̀yìn yí nílẹ̀ bí òkòtó, tí kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kálukú wọn ló fún ara rẹ̀ lórúkọ, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Mo ní ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà bọ́ nínú orúkọ orúnkún mi nìyẹn.

Bí mo ṣe padà délé, mo lọ òkú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kúnná, mo pò ó mọ́ omi, mo sì kọ orúkọ tuntun mi sí ògiri iwájú ilé. Ìyàwó yìí yọ sí mi. Kò mọ̀wé.

"Ọkọ mi, kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Orúkọ mi ni. Ohun tí ẹ ó máa pè mí láti òní lọ nìyẹn."

"Orúkọ yín?" Ó rẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Nígbà tí Iléyá kù dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyàwó po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù láti rẹ́ ògiri, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Ìyàwó àbúrò bàbá mi rẹ́ gbogbo iwájú ilé, ó ń dán, ó sì fo orúkọ mi. Bàbá mi ti oko dé, ó bèèrè ẹni tó ba ògiri jẹ́. Ọ̀dàlẹ̀ obìnrin yìí kúnlẹ̀.

"Orúkọ ọkọ mi ni, bàbá. Mi ò lè fi ìgbẹ́ màlúù pa á rẹ́."

Bàbá bi mí pé ta ló sọ mí lórúkọ ọ̀hún. Mo ní èmi ni.

"Ṣé ìwọ lo bí ara rẹ ni?"

Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù, kí n rẹ́ ibẹ̀ fúnra mi. Àwọn ìyàwó ilé kó àpótí ìjókòó jáde láti wò mí. Mo fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, inú ń bí mi débi pé mo fẹ́ da ìyókù amọ̀ lé obìnrin náà lórí.

Ìgbà tí mo parí, ó pe orúkọ orúnkún yẹn láti ẹ̀yìn mi, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní mo gbàgbé igun kan. Mo ti dáhùn kí n tó rántí pé mo kórìíra orúkọ náà.