Igba Ìwé Eré Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn Mi

Bí ẹ bá rí arúgbó kan lójú ọ̀nà Mbale, ní Kenya níbí, tó ru agbọ̀n ìwé, tó ń lé èèyàn kiri bí ẹni tó ń lé adìẹ wọlé, èmi Dorika Vihenda nìyẹn. Òǹkọ̀wé ni mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. N kò mọ orí lẹ́tà yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Kageha, ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ tíṣà, ló ń kọ ohun tí mo bá sọ, bó ṣe ń kọ èyí náà.

Àlọ́ ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ìyá ìyá mi a jókòó sábẹ́ òṣùpá, a máa pa á, àwa a máa gberin. Nígbà tí mo wá di ọmọ Ìjọ Àwọn Ọ̀rẹ́, tí ayé ń pè ní Kuékà, àlọ́ náà kò kúrò lára mi, ó kàn wọ aṣọ ìsìn ni. Ehoro kò jí ẹ̀pà mọ́, ó di alàgbà. Eré mẹ́ta ni mo sọ, Kageha kọ wọ́n sílẹ̀, mo ta abo màlúù mi, wọ́n sì tẹ igba ẹ̀dà fún mi ní Kisumu. Ẹni tó ya fọ́tò ẹ̀yìn ìwé ní kí n ṣí ìwé kan bí ẹni tó ń kà á. Mo ṣí i. Orí ìwé wà nísàlẹ̀. Igba ẹ̀dà!

Títà wá di ìṣòro, torí àwa Ọ̀rẹ́ kì í pọ́n ọjà ju bó ṣe rí lọ.

“Màmá Dorika, ṣé ìwé yín dùn?”

“Wọ́n ní ó dùn. Èmi ò tíì kà á.”

Mo gbé e dé ibi ìsìnkú Matayo, ará ìjọ wa. Mo sọ fún opó rẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ ìbá fẹ́ràn ìwé náà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ẹ fi ọ̀kan sínú pósí, Màmá, kó máa kà á lọ.”

Mo ti na ìwé sí pósí kí wọ́n tó fà mí kúrò níbẹ̀.

Elisha Agufana, akọ̀wé ìpàdé wa, ló ṣàánú mi. Ó ní: “Ẹ ṣe ọ̀kan nínú eré náà fún wa ní ìpàdé tá a máa ń ṣe lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí gbogbo wa bá fohùn ṣọ̀kan, màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ogójì ìjọ abúlé wa gba ìwé márùn-ún márùn-ún.”

“Bí ẹnì kan bá kọ̀ ńkọ́?”

“N kò ní kọ ọ́ nìyẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé a kì í dìbò.”

Mo ti rí abo màlúù mi tó ń padà bọ̀ wálé.

Ọjọ́ pé. Eré tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń jà lórí ààlà ilẹ̀ la ṣe. Ní ìdajì eré, alàgbà inú rẹ̀ ní: “Ẹ jẹ́ ká dákẹ́, ká gbọ́ ohun tí Ọlọ́run fẹ́.” Àwọn òṣèré tẹrí ba. Mo ti ní kí wọ́n ka oókan dé ẹẹ́wàá, kí Jairo, tó ń ṣe àbúrò, fìbínú dìde. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ fún ilé tó kún fún Ọ̀rẹ́, àwa tó ń fi ìdákẹ́jẹ́ sin Ọlọ́run, pé kí wọ́n dákẹ́, tó tún retí pé ẹẹ́wàá ni wọ́n máa kà? Gbogbo ìjọ tẹrí ba. Ẹẹ́wàá kọjá, ọgọ́rùn-ún kọjá. Jairo fúnra rẹ̀ ti rì sínú ìdákẹ́jẹ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹnu ń yún mi láti pariwo pé, “Jairo, ó kàn ọ́!” Àmọ́ a kì í fọhùn nírú àkókò yẹn àfi tí Ẹ̀mí bá tini. Mo yẹ ara mi wò: ṣé Ẹ̀mí ló ń tì mí, àbí ìwé? Ìwé ni. Mo panu mọ́.

Bàbá Kisia dìde, ó dúpẹ́ pé ara ewúrẹ́ òun ti yá. Obìnrin kan gbàdúrà. Nígbà tó yá, Agufana bọ ẹni tó jókòó tì í lọ́wọ́, ìyẹn ni pé ìsìn parí. Gbogbo wọn bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n bá lọ mu tíì. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò tíì parí ìjà o.

Nídìí tíì ni Rasoah, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ti bá mi.

“Ìyálé mi, ìsìn yẹn mà wọ̀ mí lára o! Ìgbà wo lẹ máa wá ṣe eré?”

“Ṣebí eré náà lẹ sọ di ìsìn yẹn!”

“Háà! Ta ló wá gba ilẹ̀?”

Bí àwọn tó kù ṣe gbọ́ báyìí, wọ́n gbé ọ̀dùnkún wọn dání, wọ́n rọ̀gbà yí mi ká. Kageha fi èékánná ha mí lápá. “Ìyá àgbà, ẹ ní ó wà nínú ìwé!” Ọmọ náà gbọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti na etí, ta ló ń pa àlọ́ dé ìdajì? Mo là á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo fi ohùn ẹ̀gbọ́n sọ ti ẹ̀gbọ́n, mo fi ti àbúrò sọ ti àbúrò, mo dá orin, wọ́n gbè é. Nígbà tí mo fi máa parí, kò sẹ́ni tó nílò ìwé mọ́ nínú ọgbà náà.

A padà wọlé. Agufana mú ọ̀rọ̀ ìwé jáde. Rasoah dìde.

“Ọkàn mi ò gbà á. Kí la fẹ́ fi ìwé ṣe nígbà tí Màmá Dorika ṣì ní ẹnu? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yí àwọn ìjọ abúlé ká, kí wọ́n máa sọ ọ́ fún wa.”

Ilé hó pé bẹ́ẹ̀ ni. Agufana kọjú sí mi.

“Ó ku ẹ̀yin nìkan, Màmá. Bí ẹ bá kọ̀, n kò ní kọ ọ́.”

Mo ro màlúù mi. Mo tún ro ojú wọn nígbà tí mò ń sọ ọ́, bí Bàbá Kisia ṣe gbàgbé ọ̀dùnkún sẹ́nu.

“Mo fara mọ́ ọn,” ni mo wí. “Ẹ kàn fi kún un pé èmi àti agbọ̀n mi ni.”

“A ò fohùn ṣọ̀kan lórí agbọ̀n, Màmá.”

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, láìsí agbọ̀n. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Kageha ní bí mo bá ti dé ìdajì àlọ́, kí n panu mọ́, kí n fi ìwé hàn wọ́n pé ibẹ̀ ni ìyókù wà. Mo ní ó dáa. Ó wò mí títí, ó mi orí.