Bí A Ṣe Mú Ìyá Alágbàfọ̀ Lọ Sílé ní Ìlá

Ìdájí ni mo bá Múfú dẹrẹ́bà ṣàdéhùn, torí mo fẹ́ kí a ti kúrò ní Òkè-Àdó kí àdúgbò tó jí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Màmá mi ti jókòó sínú mọ́tò, ẹrù wọn ti wà ní búùtù, nígbà tí tíṣà kan láti ojúlé kejì yọ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ó ní wọ́n pe òun wá síbi iṣẹ́ tuntun láàárọ̀ yẹn, kò sì sí iná mànàmáná. Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n koná sí èédú inú áyọ́ọ̀nù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Màmá, ẹ ti fẹ̀yìn tì," mo ní.

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Kọ́là rẹ̀ ló rún."

Múfú pa mọ́tò, ó sì sùn.

Àdúgbò yẹn ni wọ́n bí mi sí. Ìlá ni bàbá àti màmá mi ti wá sí Ìbàdàn. Nígbà tí bàbá mi kú, aṣọ fífọ̀ ni Màmá fi tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tí mo ti lè gbé korobá omi ni mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, títí mo fi lọ sílé ọkọ. Èmi ni mo ń ru aṣọ lílọ̀ káàkiri ojúlé, ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo sì mọ aṣọ wọn kí n tó mọ orúkọ wọn. Bí ọkùnrin tó ní ìyàwó bá fúnra rẹ̀ gbé aṣọ wá, a mọ̀ pé ìjà wà nílé. Màmá á ní kí n má béèrè nǹkan kan. Wọ́n á kàn fi sítáàṣì kún un fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò lẹ́nu wọn: "Ọjọ́ tí mo bá lọ sílé." Ìdí nìyí tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà fi tún yàrá kan ṣe fún wọn nínú agbo ilé wa ní Ìlá.

Ọ̀nà dára títí dé Gbọ̀ngán. Nígbà tí a kọjá Òṣogbo, kòtò bẹ̀rẹ̀. Múfú ní òun kọ́ ló ń wa mọ́tò mọ́, kòtò ló ń wà á. Ní Ìkìrun, mo ra ìpékeré ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Kí ẹ̀yin ará Òkè-Àdó mọ̀ pé tiwa pọ̀ jù ú lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, òkè yọ lápá kan, ọ̀pẹ lápá kejì. Báyìí la ṣe wọ Ìlá.

Màmá Kékeré, àbúrò wọn, ló gbà wá lálejò. Gbogbo ilé kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Ní àdúgbò wa, ọmọdé lè kí àgbà lórí eré. Ní Ìlá, ọmọ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì ní dìde títí àgbà á fi dá a lóhùn. Ẹnu Ìlá tí Màmá fi ń dá wọn lóhùn ti di ti ayé àtijọ́. Ọmọ kan fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì, ó rò pé èdè mìíràn ni.

Wọ́n gbé iyán wá. Nígbà tí Màmá jẹun tán, tí wọ́n fẹ́ gbé abọ́, ìyàwó ilé méjì já a gbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá mú ìgbálẹ̀, ni wọ́n bá kúnlẹ̀ yí wọn ká: "Ẹ dákun, ẹ má dójú tì wá." Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Màmá rẹ gèlè wọn sómi. Kí wọ́n tó yíjú, àwọn ìyàwó ilé ti bá wọn fọ̀ ọ́, wọ́n ti sá a. Màmá dúró wò ó lórí okùn fún ìgbà díẹ̀.

"Wọn ò ṣàn án dáadáa," wọ́n sọ fún mi ní ohùn jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn náà wọ́n padà lọ jókòó lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ wọn lórí itan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìpadàbọ̀ mi, Màmá béèrè bóyá Múfú ń bọ̀ lọ́la. Mo ní ó ń bọ̀ wá gbé mi.

"Kó gbé àwa méjèèjì," wọ́n ní.

Màmá Kékeré gbọ́ ọ. Wọ́n gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí la fi ṣẹ̀ yín?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí."

"Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú ni mo ti ń sọ fún gbogbo ilé pé ẹ ń bọ̀. Bí ẹ bá padà báyìí, wọ́n á ní n kò lè tọ́jú yín." Omijé bọ́ lójú wọn. 

Màmá di ọwọ́ wọn mú. "Mi ò tíì kú, Àdùkẹ́. Bí ẹ ṣe ń tọ́jú mi yìí, ó ń ṣe mí bíi pé mo ti kú. Bá mi lọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Wá wo ibi tí mo ń gbé. Bí o bá rí i tán, tí o ṣì ní kí n máa bọ̀ nílé, màá tẹ̀ lé ọ padà."

Bí èrò inú mọ́tò ṣe di mẹ́ta nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀: bí èèyàn bá fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ sílé, kó kọ́kọ́ bi í pé ilé wo.

A dé Òkè-Àdó lọ́sàn-án. Màmá kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí obìnrin kan fi na ọwọ́ láti òdìkejì títì.

"Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ ti pẹ́ jù. Aṣọ kúáyà wa ń dúró dè yín."

Kò kúnlẹ̀. Màmá Kékeré wò ó, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn.

"Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń bá yín sọ̀rọ̀ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Màmá ní. Wọ́n ti ń fẹ́ èédú.

Màmá Kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó gbé àga fún wọn. Oníbàárà kan dé, ó gbé ìdì aṣọ lé wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n bá òun fi sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n gbé ìdì náà dání fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n tú u, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa aṣọ funfun sọ́tọ̀.

Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n dá ti kọjá, Màmá Kékeré ṣì ń ṣa aṣọ. Kò tíì sí ẹni tó rán wọn létí.