Ọkọ̀ Tí Mo Wọ̀ Lọ́dún Ìbò

Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí à ń lọ ní Àyèká, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé. Bí gbogbo wa bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú ni ojú rẹ máa ń bá pàdé. Àtẹ́lẹsẹ̀ àwa obìnrin tó ń fọ epo kì í mọ́ bọ̀rọ̀. Bí o ti wù kí o fi kànrìnkàn bó o tó, epo á ṣáà sá sínú ibi tí gìgísẹ̀ ti sán. Níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti yọ mí kúrò nínú àáró. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn pọ́n ròrò. Tèmi nìkan ló ti ń ṣá. Wọ́n ti tẹ ẹyìn lánàá, wọn ò sì pè mí.

Ẹyìn títẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Bí a bá ti sè é, a ó dà á sínú ẹkù, ìyẹn kòtò tí a rẹ́ inú rẹ̀ dán, àwa obìnrin bíi mélòó kan á wọ inú rẹ̀, a ó di èjìká ara wa mú, a ó máa tẹ̀ ẹ́, a ó máa kọrin. Tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la. Ẹni tí kò bá sí nínú àáró, ẹyìn rẹ̀ á wà nílẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́. Ìyàálé mi, aya ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló kọ́kọ́ di èjìká mi mú nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, tí ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ọkọ mi wà nínú igbó nídìí iṣẹ́ gẹdú, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Ìyàálé mi ni mo ní.

Afárá ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Odò kékeré kan wà láàárín wa àti ọ̀nà mọ́tò, igi ọ̀pẹ ni wọ́n sì dá lé e lórí. Lọ́rì kò lè gbà á, nítorí náà orí la fi ń ru garawa epo kọjá. Àwọn alágbàtà á jókòó sábẹ́ àtíbàbà wọn lódìkejì, wọ́n á sọ iye tó bá wù wọ́n, torí wọ́n mọ̀ pé kò sí obìnrin tí yóò tún ru epo padà sílé. Nígbà tí ìbò ń bọ̀, tí àwọn olóṣèlú ń wá wa kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, àwa elépo fẹnu kò pé ẹni tí kò bá ṣèlérí afárá kò ní rí ìbò wa. Ta ni yóò lọ bá wọn sọ ọ́? Ìyàálé mi ló dárúkọ mi.

"Ìyàwó mi ni kó lọ," ó ní. "Ẹ̀rù éè bà á."

Mo fẹsẹ̀ rìn dé Òkìtìpupa. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ilé wa ń tẹ̀ lé ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Wọ́n fi mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, wọ́n wá rán ọmọdékùnrin kan sí mi pé ká lọ dìbò ná. Mo dìde, mo kọrí sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kejì. Ṣebí afárá ni wọ́n rán mi, wọn ò rán mi ní ẹgbẹ́. Ọkùnrin tó fẹ́ wọlé ìbò níbẹ̀ jáde sí mi fúnra rẹ̀. Ó béèrè bí odò náà ti fẹ̀ tó, ó ní òun ń bọ̀ wá wò ó.

Òjò ká mi mọ́ ọ̀nà bí mo ti ń padà lọ, òjò ilẹ̀ wa tí igi kì í gbà lórí ẹni. Ọkọ̀ ọkùnrin náà bá mi, dẹ́rẹ́bà nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó dúró, ó ṣílẹ̀kùn. Mo wọlé. Mi ò ní parọ́, inú mi dùn: àga rẹ̀ rọ̀, mo sì ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi bọ̀. Ó já mi sílẹ̀ létí odò, níwájú àtíbàbà àwọn alágbàtà gan-an, àsíá ẹgbẹ́ kejì lórí ọkọ̀. Gbogbo àwọn elépo wà níbẹ̀, omi ń kán lára wọn, wọ́n fi ewé bo garawa wọn.

"Ó ní òun ń bọ̀ wá wò ó!" mo pariwo.

Àsíá orí ọkọ̀ ni wọ́n ń wò. Ìyàálé mi wo aṣọ mi láti òkè dé ilẹ̀.

"Ùwẹ nìkan ni òjò éè pa," ó ní.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹgbẹ́ kejì ti fowó rà mí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Lọ́dún yẹn ilé ń jó lọ́tùn-ún lósì nítorí ìbò, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo ènìyàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n títí dòní mi ò tíì rí ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú kí ènìyàn yà fún òjò. Ọjọ́ ìsinmi tí mo rí ẹsẹ̀ wọn, mo tọ ìyàálé mi lọ lẹ́yìn ìsìn. Ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ tí yóò fi ṣe púpurú.

"Ìyá mi, ẹyìn mi wà nílẹ̀. Ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀?"

Ọ̀bẹ rẹ̀ kò dúró. "Bàbá wọn éè gbà," ó ní. Ọkọ rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Mo sè é fúnra mi. Mo so okùn mọ́ òpó, mo dì í mú dípò èjìká ènìyàn, mo wọ inú ẹkù. Mo gbìyànjú àtikọrin, ṣùgbọ́n orin yẹn ní elégbè, mo sì dákẹ́. Mò ń gbọ́ ohùn wọn láti ẹkù mìíràn. Mo sunkún, mo bínú sí ara mi pé mo sunkún, mo tún tẹ̀ ẹ́. Epo tó jáde kò tó nǹkan, ó sì kan.

Wọ́n dìbò. Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ yẹn kò wá wo odò kankan. Kò pẹ́ tí ṣójà gbàjọba, àwọn olóṣèlú fọ́nká, àsíá wọn sì di àkísà tí a fi ń gbé ìkòkò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ìyàálé mi rán ọmọ sí mi pé wọ́n ń tẹ ẹyìn. Mo lọ. Ó di èjìká mi mú bíi ti àtijọ́, wọ́n dá orin, mo gbè é. Mò ń retí kí ó sọ gbólóhùn kan péré. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló bá mi sọ.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ni ìjọba fi símẹ́ǹtì ṣe afárá náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wá léèrè. Lọ́jọ́ tí lọ́rì kọ́kọ́ wọlé wá kó epo, mò ń ru púpurú lọ sí Òkìtìpupa, ojú ọ̀run sì ti dúdú. Ìró lọ́rì ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyàálé mi ló jókòó níwájú.

"Ìyàwó, ghá o! Òjò ń bọ̀."

"Ẹ máa lọ, mà. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn."

Ó wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo fẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ bá mi rìn, kí òjò pa wá pọ̀, kí gbogbo Àyèká rí i. Mo dúró dè é. Dẹ́rẹ́bà fọn fèrè, ìyàálé mi fa ilẹ̀kùn dé, lọ́rì sì gba orí afárá tí wọ́n rán mi lọ tọrọ kọjá lọ.